Fìlà Mẹ́ta Tí Mánijà Gbé Wọ Igbó Ta-Ni-Yóò-Mú-Mi

Ẹ sún mọ́ mi. Ibòòji igi ọsàn yìí kò tóbi, ẹ pín in láàárín ara yín. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ yan mánijà tuntun fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú, àti pé ẹni mẹ́fà ló ń du ipò náà. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti dọ̀bálẹ̀ kí mi láàárọ̀ yìí. Ìyẹn kò tíì sọ nǹkan kan fún mi. Ẹ gbọ́ ìtàn Láyíwọlá ná. Kò ní gùn. Ẹni tó ti wọ igbó tí mo wọ̀, tó sì jáde, kì í láròyé mọ́.

Ìdó-Ìsun yìí, ìsun omi kan ṣoṣo la ní. Abẹ́ àpáta ló ti ń jáde, àwọn iwin ló sì ń gbé abẹ́ àpáta. Nígbà tí àwọn baba wa tẹ ìlú dó, wọ́n bá àwọn iwin jà nítorí omi yìí títí ó fi sú tọ̀tún tòsì. Wọ́n wá dá májẹ̀mú pé bọ́ọ̀lù ni àwọn yóò máa gbá, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Bí a bá pàdánù lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ìsun bọ́ lọ́wọ́ wa títí ayé.

Láyíwọlá ni mánijà nígbà náà. Kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í jalè. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹni tó jọ yín ni.

Bí ẹsẹ̀ bá kù díẹ̀ káàtó nílé, mánijà á lọ sí Igbó Ta-Ni-Yóò-Mú-Mi. Ibẹ̀ ni gbogbo agbábọ́ọ̀lù tí kò ní ẹgbẹ́ mọ́ ń jókòó sí, ènìyàn àti iwin, olúkúlùkù lábẹ́ igi tirẹ̀. Ọjọ́ méje péré lọ́dún ni ẹnu igbó ń ṣí. Bí oòrùn ọjọ́ keje bá kan àtàrí, ó pa dé. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní fìlà mẹ́ta. Ẹni tí o bá dé fìlà sí lórí di tìrẹ títí di ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. O ò lè ṣí i, o ò lè pààrọ̀ rẹ̀. Òfin kan tún wà tó le ju ìyẹn lọ: ẹni tí orí rẹ̀ bá wà lófìfo nínú igbó náà, igbó ló ni ín. Kò ní jáde mọ́, àfi bí ẹnìkan bá wá fi fìlà dé e. Nítorí náà, mánijà tó bá wọ ibẹ̀, ọwọ́ kan kì í kúrò lórí fìlà tirẹ̀.

Ní ọdún àkọ́kọ́, Láyíwọlá dé ẹnu igbó ní àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó bá mánijà mẹ́wàá níbẹ̀, gbogbo wọn ti ká ṣòkòtò sókè. Ọ̀nà ṣí. Wọ́n sáré, òun náà sáré. Kò mọ ohun tó ń sáré tọ̀. Ó rí iwin kan tó ga bí ọ̀pẹ, Gbàǹgbà-Òkìkí lorúkọ rẹ̀, tí wọ́n ní kò sí ẹni tó lè gbé bọ́ọ̀lù kọjá lára rẹ̀. Mánijà mẹ́rin ń jà lé e lórí. Láyíwọlá ní ohun tí ẹni mẹ́rin ń jà lé lórí kò lè burú. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ya wọn, ó fò sókè, ó dé e ní fìlà. Kí ìrì tó gbẹ, fìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tán. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Òun gbé ìkòkò mì.

Ibi tí Gbàǹgbà-Òkìkí yóò dúró sí, níwájú aṣọ́lé, ẹnìkan ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Bánjókòó lorúkọ rẹ̀. Kì í gbá bọ́ọ̀lù wọlé, kì í jó lórí pápá, kò sẹ́ni tó ń pariwo orúkọ rẹ̀. Láyíwọlá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bánjókòó, láti òní lọ, ìwọ ni kí o máa gbé omi fún wọn."

"Mánijà, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"O ò ṣẹ̀ mí. Ẹsẹ̀ rẹ ni kò ní òkìkí."

Bánjókòó bọ́ aṣọ ẹgbẹ́. Ó ká a dáadáa, ó gbé e lé orí bẹ́ǹṣì, ó lọ. Kò bú ẹnikẹ́ni. Láyíwọlá kò bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pé. Òkìkí Gbàǹgbà dé pápá, orúnkún rẹ̀ kò dé. Ó ti lo orúnkún náà tán ní ìlú mẹ́fà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn iwin gbá bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìsun tó máa ń mu wá dé àyà sọ̀ kalẹ̀ dé orúnkún.

Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ní ọdún kejì, Láyíwọlá kò sáré. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó sáré, kì í ṣe ọgbọ́n. Ó jókòó sẹ́nu igbó fún ọjọ́ mẹ́fà, ó ń wò ó bí àwọn ẹni rere ṣe ń dé fìlà jáde. Nígbà tó wọlé lọ́jọ́ keje, àwọn tó kù ń họra. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó sì nà gbalaja níwájú rẹ̀. Ahọ́n-Dídùn ni wọ́n ń pè é. Ó ki Láyíwọlá dé orí bàbá ńlá rẹ̀ kẹta. Ó mọ odò tí wọ́n ti ń wẹ̀, ó mọ igi tí wọn kì í fi dáná. Orí Láyíwọlá wú. Mi ò pa òwe: orí náà wú ní tòótọ́, fìlà rẹ̀ gòkè dé àtàrí, díẹ̀ ló kù kó já bọ́. Kí ló tún kù? Ó dé Ahọ́n-Dídùn ní fìlà. Ó dé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì pẹ̀lú.

Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ki yín dé orí bàbá ńlá kẹta, ẹ ó bọ́ ṣòkòtò sílẹ̀ fún wọn.

Lórí pápá, bí iwin kan bá ti gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, Ahọ́n-Dídùn á dọ̀bálẹ̀ fún un, á sì máa kì í. Bọ́ọ̀lù á kọjá. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé wa lẹ́ẹ̀mejì. Ìsun sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ọdún kẹta dé. Àwọn ìyá ń fi abọ́ gbọ́n omi tí wọ́n ti ń fi ìkòkò pọn. Ewúrẹ́ ń dúró ti ìsun láti àfẹ̀mọ́jú. Láyíwọlá kò lè jẹun. Bó bá bu omi sẹ́nu, ojú á tì í láti gbé e mì. Ó lọ gba fìlà lọ́wọ́ Ìyá Ṣubúọlá, olórí àwọn tó ń hun fìlà ìlú. Obìnrin náà kó mẹ́ta fún un. Funfun ni wọ́n.

"Ìyá, ẹ ò pa wọ́n láró lọ́dún yìí."

"Omi wo ni n ó fi pa aró? Àbí o fẹ́ ká fi okùn so wọ́n mọ́ ọ lọ́rùn, kí ẹni tó bá kì ọ́ dáadáa má bàa gbà wọ́n?"

"Ẹ má bínú, Ìyá."

"Inú kò bí mi. Ọ̀ngbẹ ló ń gbẹ mí. Máa lọ."

Èmi ni mo sìn ín dé etí igbó. Kò sí ọdẹ mìíràn tó mọ ọ̀nà náà nígbà yẹn. Lónìí náà, kò sí. Bí a ti ń lọ, ó béèrè lẹ́ẹ̀mẹrin bóyá mo rò pé yóò rí ẹni gidi mú. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún mo ní, "Di fìlà rẹ mú." Mo padà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyókù, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Kò tíì rìn jìnnà ní ọ̀nà tó lọ sí ẹnu igbó tí Afẹ́fẹ́ Aṣífìlà fi dé bá a. Afẹ́fẹ́ yìí kì í mi ewé. Orí ènìyàn nìkan ló ń wá. Láyíwọlá fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà orí rẹ̀ mú, ó dojú bolẹ̀, ó ń fi ikùn wọ́ láàárín ẹ̀gún. Afẹ́fẹ́ ń sọ̀rọ̀ sí i létí pé, "Jẹ́ kí n bá ọ gbé e. Ó ti wúwo jù fún ọ." Ó di eyín, ó ń wọ́ lọ. Nígbà tó fi kọjá, fìlà orí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àpò rẹ̀, ọ̀kan ti lọ nínú mẹ́ta. Ó ka méjì tó kù lẹ́ẹ̀mẹwàá. Méjì ni. Ẹ má gbàgbé èyí tó lọ.

Lẹ́yìn èyí ló dé ìlú àwọn ẹbí Ahọ́n-Dídùn. Tọkùnrin tobìnrin wọn tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń kì í. "Ọmọ ọlọ́gbọ́n! Mánijà tí kì í ṣàṣìmú!" Ó gbọ́ tí fìlà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lórí rẹ̀. Ó lanu, ó fi gbogbo ohùn dáhùn, "Mo ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejì!" Orí sọ̀ díẹ̀. "Ọmọ ẹni tó mọ ènìyàn!" "Mo mú orúkọ, mo fi orúnkún sílẹ̀!" Orí tún sọ̀. Báyìí ni ó ṣe ń ké àṣìṣe ara rẹ̀ la ìlú náà já. Nígbà tó jáde lódìkejì, fìlà ti wọlé dé etí, òógùn ti rin ín gbingbin.

Ẹnu ọ̀nà igbó ni Adènà jókòó sí. Iwin arúgbó ni, orúnkún ni ojú rẹ̀ méjèèjì wà. Ẹsẹ̀ ló ń wò lára ènìyàn, kì í wo ojú.

"Ìwọ nìyí lẹ́ẹ̀kẹta," ni Adènà wí. "Ẹsẹ̀ rẹ ń gbọ̀n."

"Ó ń gbọ̀n, Bàbá."

"Ó dára. Lọ́dún kìn-ín-ní kò gbọ̀n. Dá mi lóhùn kí o tó wọlé. Kí ló wà nínú ilé tí àlejò kì í yìn, tí onílé kì í kí, tó jẹ́ ọjọ́ tó bá jáde ni òrùlé ń wọlẹ̀?"

Láyíwọlá dúró. Oòrùn ọjọ́ karùn-ún ń yí. Ó ro ògiri, ó ro ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó rántí aṣọ kan tí wọ́n ká lé orí bẹ́ǹṣì.

"Òpó ni."

"Òpó ilé yín dà?"

Adènà ká ẹsẹ̀ kò, ó fún un lọ́nà.

Ohun àkọ́kọ́ tó rí nínú igbó ni ẹ̀yìn ọkùnrin kan lábẹ́ igi àràbà. Ẹ̀yìn náà kò ṣàjèjì sí i. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wò ó láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Bánjókòó ni. Ojú ti Láyíwọlá, ó sì ya gba ọ̀nà mìíràn.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ méjì ló fi rìn láàárín àwọn igi. Kò béèrè iye ìgbà tí ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ìbéèrè kan ló ń bi wọ́n: "Kí lo ṣe ní ọjọ́ tí ẹ pàdánù?" Ọ̀kan ní ẹlẹgbẹ́ òun ló fà á. Òmíràn ní òun kò pàdánù rí. Ó kọjá wọn. Ó dé ọ̀dọ̀ iwin kan tó jẹ́ etí kan ṣoṣo ló ní.

"Mo dúró sórí pápá," ni Elétí-Kan wí. "Mo gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri títí mo fi gbọ́ ibi tí àṣìṣe mi wà."

Ó dé e ní fìlà. Ó tún rí aṣọ́lé kan tí apá rẹ̀ kúrú, tí gbogbo mánijà ti fi ṣe ẹlẹ́yà kọjá. Ó bi í ní ìbéèrè kan náà.

"Mo fọ aṣọ gbogbo wọn," ni Apá-Kúkurú dáhùn. "Àwọn ni wọ́n sáré. Èmi ni mo jẹ́ kó wọlé."

Ó dé òun náà ní fìlà. Fìlà tán. Ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ẹni méjì wọ̀nyí dára, àti pé wọn kò tó. Iwájú aṣọ́lé ṣì ṣófo. Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n.

Ọjọ́ keje ni. Oòrùn ti ń sún mọ́ àtàrí. Ó mú àwọn méjèèjì lẹ́yìn, ó padà sídìí àràbà. Bánjókòó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Mánijà."

"Pẹ̀lẹ́, Bánjókòó."

"Mo rí i pé fìlà yín ti tán."

"Ó ti tán."

"Ó mà ṣe o. Ẹ ò tètè rí mi ni."

Irọ́ kan wà lẹ́nu Láyíwọlá, tó rọrùn láti pa. Ó gbé e mì.

"Mo tètè rí ọ. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ rí. Ojú ló tì mí."

Bánjókòó wolẹ̀. Elétí-Kan wo ojú ọ̀run, ó ní, "Mánijà, ẹnu ọ̀nà ń pa dé. Mò ń gbọ́ ọ."

Láyíwọlá gbé ọwọ́ sókè sí fìlà orí ara rẹ̀. Bánjókòó di ọwọ́ náà mú.

"Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ò ní jáde."

"Mo mọ̀."

"Ta ni yóò máa darí wa lọ́jọ́ náà?"

"Láti ẹ̀yìn lo ti ń wo gbogbo wọn fún ọdún mẹ́sàn-án. Ìwọ lo mọ ibi tí ilé ń jò. Mo ṣẹ̀ ọ́, Bánjókòó. Fi ọwọ́ mi sílẹ̀."

Bánjókòó fi í sílẹ̀. Láyíwọlá ṣí fìlà rẹ̀, ó sì dé e sí ọmọkùnrin náà lórí. Atẹ́gùn fẹ́ sí orí Láyíwọlá tó ṣófo, ó tutù. Àwọn mẹ́ta sá jáde. Ó gbọ́ tí ẹnu igbó pa dé bí ìgbà tí ènìyàn bá di eyín pọ̀. Ó jókòó sídìí àràbà. Ibẹ̀ ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́.

Àwọn aládùúgbò rẹ̀ yọ orí láti abẹ́ igi.

"Mánijà, kí lẹ lè gbá?"

"Ẹ jẹ́ kó gbá ẹ̀pà jẹ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò bínú. Nǹkan mìíràn ló gba ọkàn rẹ̀. Ojú ọ̀nà tóóró kan gba ẹ̀gbẹ́ àràbà náà kọjá, tí omi ìsun wa máa ń gbà wọ inú igbó nígbà tó bá kún. Ó ti gbẹ. Láyíwọlá fi ewé kan sí i. Láti ọjọ́ náà, ewé yìí ló ń wò. Bó bá sùn, á ta jí láti wò ó. Ó ka ọjọ́. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, tí í ṣe ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, kò jókòó. Oòrùn yọ, ewé wà níbẹ̀. Oòrùn kan àtàrí, ewé wà níbẹ̀. Ó ronú pé bóyá Apá-Kúkurú kúrú jù. Ó ronú pé bóyá ó yẹ kí òun ti yan ẹlòmíràn. Ó ka àwọn iwin mọ́kànlá abẹ́ àpáta lórí ìka, ó tún wọn kà. Oòrùn yí sí ìwọ̀ oòrùn. Ewé wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan iyanrìn. Ó gbẹ.

Lẹ́yìn náà iyanrìn náà dúdú díẹ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó rò pé òógùn òun ni. Ewé náà mì. Ó yí ara po lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí pápá nìyí. Elétí-Kan gbọ́ bọ́ọ̀lù kan lẹ́yìn rẹ̀, ó gbá a wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Ìyókù ọjọ́ náà, àwọn iwin ń bọ̀ bí eṣú, Bánjókòó sì dúró. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, Apá-Kúkurú á fi àyà gbà á. Kò sẹ́ni tó pariwo orúkọ Bánjókòó lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Wọn kò rí ohùn. Wọ́n ń sunkún.

Omi padà, ṣùgbọ́n Láyíwọlá ṣì wà ní ìjókòó. Ọdún yí po, ẹnu igbó tún ṣí. Àwọn mánijà wọlé. Wọ́n wo eyín rẹ̀, wọ́n tẹ orúnkún rẹ̀ wò. Ọ̀kan ní, "Bàbá, ẹ má bínú, orí yín ni kò ní òkìkí." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó mọ ilé tí ó ti wá. Ọjọ́ kẹfà kọjá. Ní ọjọ́ keje, tí oòrùn kù díẹ̀ kó kan àtàrí, Bánjókòó dúró níwájú rẹ̀.

"O dé," ni Láyíwọlá wí.

"Mo ti wà nínú igbó láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Mò ń wo bí ẹ ṣe ń jókòó."

"Ẹnu ọ̀nà ń pa dé, Bánjókòó."

"Mo gbọ́. Mánijà, kí lẹ ṣe ní ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ pàdánù?"

Láyíwọlá wo ojú ọ̀nà omi náà.

"Ọjọ́ náà ni mo ní kí ìwọ máa gbé omi."

Bánjókòó fa fìlà funfun kan yọ lápò, ó sì dé e sí i lórí. Ẹ̀gún ti ya á ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ rántí èyí tí Afẹ́fẹ́ Aṣífìlà gbà? Èmi ni mo yìnbọn fún un lọ́jọ́ tí mò ń padà bọ̀. Ó ju fìlà sílẹ̀ sórí igi ẹ̀gún, ó sá, mo sì mú un fún Bánjókòó nígbà tó délé. Ọdẹ tó yìnbọn fún afẹ́fẹ́ tó sì bà á, èmi nìkan ni mo mọ̀. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi afẹ́fẹ́.

Láyíwọlá padà sílé. Wọ́n ní kó wá gba ipò rẹ̀. Ó ní Bánjókòó ti wà níbẹ̀. Ó mú igbá, ó sì ń gbé omi fún àwọn agbábọ́ọ̀lù títí ọlọ́jọ́ fi dé. Fìlà tó ya náà wà lórí rẹ̀. Kò jẹ́ kí Ìyá Ṣubúọlá rán an.

Mo ti sọ tèmi. Ọ̀rọ̀ ti gbẹ mí lẹ́nu. Ẹ̀yin mẹ́fà tí ẹ fẹ́ jẹ mánijà, kí ọ̀kan nínú yín lọ pọn omi wá fún mi ní ìsun.

Kí ló dé tí ẹ ń wo ara yín?

Ìwọ tó wà lẹ́yìn, tí n kò mọ orúkọ rẹ, mo rí i pé o ti dìde. Igbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.